Iná Mànàmáná Nínú Ilé Orí Omi: Iṣẹ́ Ọwọ́ Onílé àti Ààbò Rẹ̀ ní Etíkun Ìlàjẹ

Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ní iyàrá tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ ní abẹ́ rẹ̀, èyí tí onílé sábà máa ń tún ṣe nígbà tí ìdílé bá ń gbòòrò, kí ó lè di yàrá àwọn ọmọ tàbí ibi ìfọṣọ. Nínú irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, wáyà iná fífà ni iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ onílé máa ń fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn ṣe kí ìnáwó lè dín kù, òun kan náà sì ni iṣẹ́ tí òfin ilé kíkọ́ ibẹ̀ ń ṣọ́ lójú méjèèjì. Ọ̀rinrin ni ó fa ìṣọ́ra náà, nítorí pé iyàrá inú ilẹ̀ kì í gbẹ dénú, ara tí ó tutù tí ó sì tẹ ilẹ̀ tútù sì jẹ́ ọ̀nà tí iná mànàmáná ń gbà kọjá pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ní etíkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò sí ẹni tí ó lè gbẹ́ iyàrá bẹ́ẹ̀, nítorí pé omi ni ó wà lábẹ́ ilé. Síbẹ̀, ewu tí àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè rí nínú iyàrá kan ṣoṣo ni ó wà nínú gbogbo ilé níbẹ̀, láti òdèdè títí dé ìdí ààrò. Òfin tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iyàrá abẹ́ ilẹ̀ níbòmíràn ni ó yẹ kí ó jẹ́ òfin gbogbo ilé ní Ìlàjẹ.

Ilé orí òpó ni ilé tí wọ́n gbé ka orí igi tí wọ́n rì mọ́ inú irà, tí wọ́n fi pákó tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n fi pákó tàbí páànù ṣe ògiri rẹ̀, tí wọ́n sì fi páànù bò ó lórí, tí afárá pákó sì jẹ́ òpópónà láàárín ilé kan àti èkejì. Nígbà tí òkun bá kún, omi a gòkè wá sí abẹ́ pákó, ìgbì a sì máa ta sí i. Nígbà tí ó bá fà, ẹrẹ̀ ni ó máa ń kù. Afẹ́fẹ́ tí ń ti orí òkun bọ̀ gbé iyọ̀ lọ́wọ́, iyọ̀ náà sì ń bà lé orí ìṣó, orí páànù àti inú ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì, níbi tí ó ti ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, débi pé ohun tí ojú rí bí ohun gbígbẹ lè má gbẹ rárá. Wáyà, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti bírékà tí wọ́n ń rà ní Igbókòdá, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wọ Ayétòrò tàbí Àwóyè, jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe fún ilé bíríkì orí ilẹ̀ gbígbẹ. Oníṣẹ́ tí ó bá fà wọ́n ní Ìlàjẹ bí ó ti ń fà wọ́n ní Àkúrẹ́ kò tíì ṣe iṣẹ́ náà parí.

Kì í ṣe pé iná mànàmáná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí etíkun yìí. Ayétòrò, tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní ọdún 1947, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì jọ ń jẹun láti inú àpò kan, ti ní ẹ̀rọ amúnáwá tiwọn ní nǹkan bí ọdún 1953, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ní ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Àwọn tí ń sọ ìtàn náà sábà máa ń fi yangàn pé Ayétòrò yá ju àwọn ẹlòmíràn lọ, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni ètò tí wọ́n fi ṣe é: ìlú ni ó ni ẹ̀rọ náà, ìlú ni ó sì ń bójú tó o, gẹ́gẹ́ bí ìlú ti ni ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi àti àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn. Iná kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan nínú ilé rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà tí ètò àjùmọ̀ní náà tú ká díẹ̀díẹ̀, tí òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìlú náà ní àdúgbò dé àdúgbò, ìmọ̀ náà fọ́n ká pẹ̀lú rẹ̀.

Lónìí, oníkálukú ni ó ń dá iná ara rẹ̀ tàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni apá gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó fi wà láìrí iná ìjọba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ amúnáwá Ọmọ́tóṣọ̀ọ́ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa tí kò jìnnà sí wọn. Ẹni tí ó ń ta ẹja nílò fìríìsà, ẹni tí ó ń gẹ irun nílò ẹ̀rọ, ọmọ ilé ìwé nílò gílóòbù. Nítorí náà ni jẹnẹrétọ̀ kékeré fi wà ní ẹ̀yìn ilé, tí pánẹ́ẹ̀lì sólà sì wà lórí páànù, tí baálé ilé tàbí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì fi tẹ́sítà àti ọ̀bẹ fa wáyà wọn láti inú yàrá kan bọ́ sí òmíràn. Kò sí ẹ̀bi nínú pé ènìyàn fẹ́ ní ìmọ́lẹ̀. Ẹni tí kò sì rí oníṣẹ́ nítòsí, tí owó ọkọ̀ láti Igbókòdá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó iṣẹ́ náà, kò ní ṣàì dáwọ́ lé e fúnra rẹ̀. Ohun tí ó yẹ ní wíwádìí ni apá wo nínú iṣẹ́ náà ni ọwọ́ onílé lè ká, àti apá wo ni ó ń pa ènìyàn.

Láti mọ èyí, ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ mọ bí iná ṣe ń pani. Fólítì ni ìwọ̀n agbára tí ń ti iná gba inú wáyà. Ámpíà ni ìwọ̀n iná tí ń ṣàn gan-an. Óòmù ni ìwọ̀n bí ohun kan ṣe ń dènà ìṣàn náà. Bí wọ́n bá fi óòmù pín fólítì, ámpíà ni yóò jáde. Wáyà ilé ní Nàìjíríà ń gbé nǹkan bí 230 fólítì. Awọ ara tí ó gbẹ lè ní ìdènà ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún óòmù, ṣùgbọ́n ara ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ọkọ̀ ẹja jáde, tí omi iyọ̀ ti rin ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, lè má ju nǹkan bí 1,000 óòmù lọ, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìdá 230 nínú 1,000 ámpíà kan lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ìdá 10 sí 16 péré ti tó láti mú kí iṣan ọwọ́ sún kì débi pé ènìyàn kò ní lè jọ̀wọ́ ohun tí ó dì mú. Nǹkan bí ìdá 30 lè há èémí mọ́ ọn láyà. Bí ó bá tó ìdá 100, ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n dípò kí ó máa lù. Ní gbogbo àkókò yìí, fíúùsì ámpíà 13 tí ó wà nínú púlọ́ọ̀gì kò ní já, nítorí pé ìṣàn tí ń pa ẹni náà kò tó ìdá kan nínú ìdá àádọ́ta èyí tí fíúùsì náà ń gbà láìjá. Fíúùsì ń dáàbò bo wáyà kí ó má baà jó; kì í dáàbò bo ènìyàn.

Ohun tí ó ń dáàbò bo ènìyàn ni bírékà tí ń mọ̀ bí iná bá ń jò, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní RCD. Iṣẹ́ rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: ó ń wọn iná tí ó jáde láti ojú wáyà láìfù, èyí tí ń gbé iná lọ, ó sì ń fi wé iná tí ó padà láti ojú níútírà, èyí tí ń gbé e bọ̀, bí èyí tí ó padà bá dín sí èyí tí ó jáde, a jẹ́ pé iná náà ti rí ọ̀nà mìíràn gbà, ó sì lè jẹ́ ara ènìyàn ni ọ̀nà náà, ni bírékà yóò bá já gbogbo rẹ̀ kí ó tó ṣẹ́jú. Èyí tí ó wọ́pọ̀ fún ilé máa ń já bí jíjò náà bá tó ìdá 30 nínú 1,000 ámpíà. Henri Rubin ṣe irú ẹ̀rọ yìí ní Gúúsù Áfíríkà ní àárín àwọn ọdún 1950 fún ibi ìwakùsà wúrà, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń di irinṣẹ́ iná mú nínú ihò ilẹ̀ tí ó kún fún ọ̀rinrin; ní ọdún 1961, Charles Dalziel, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì California, ṣe èyí tí Amẹ́ríkà wá fi sínú òfin wáyà ilé wọn, tí ó sì di dandan fún sọ́kẹ́ẹ̀tì iyàrá abẹ́ ilẹ̀. Láti inú ihò ìwakùsà ni ààbò yìí ti wá, nítorí ibi tí omi àti iná ti pàdé ni wọ́n ṣe é. Bí ilé kan ní Ìlàjẹ kò bá ní owó ju ti ohun èlò ààbò kan ṣoṣo lọ, RCD ni ó yẹ kí ó jẹ́, ṣáájú gílóòbù olówó ńlá àti ṣáájú fáànù.

Ṣùgbọ́n rírà rẹ̀ nìkan kò tó, ibí yìí gan-an sì ni ọwọ́ onílé ti ń kù díẹ̀ káàtó. Nínú ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré, kò sí èyíkéyìí nínú ojú wáyà méjèèjì tí wọ́n so mọ́ ara irin ẹ̀rọ náà tàbí mọ́ ilẹ̀. Bí láìfù bá fara kan páànù nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, iná kò ní ọ̀nà tí yóò gbà padà sínú jẹnẹrétọ̀, nítorí náà kò sí ohun tí yóò jó, kò sí bírékà tí yóò já, ilé yóò sì máa lo iná lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Àṣìṣe kìn-ín-ní ti wà nílẹ̀ láìsí ẹni tí ó mọ̀. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá wá fọwọ́ kan ojú wáyà kejì, nígbà tí ó tẹ ẹrẹ̀ tàbí tí ó di páànù náà mú, ara rẹ̀ ni yóò so méjèèjì pọ̀, RCD sì lè má rí i, nítorí pé kò sí ibi tí wọ́n ti so níútírà mọ́ ilẹ̀ kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Oníṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ so níútírà mọ́ wáyà ilẹ̀ ní ojú kan ṣoṣo, ní ìdí jẹnẹrétọ̀, ṣáájú RCD, kí ó sì wọ̀n ọ́n bóyá ó ń já. Ẹni tí ó bá so ó ní ojú méjì, tàbí lẹ́yìn RCD, ti bà á jẹ́.

Ti wáyà ilẹ̀, tí àwọn ènìyàn ń pè ní áàtì, rọrùn ní Ìlàjẹ ju ibi olókùúta lọ ní ọ̀nà kan. Irin tí wọ́n fi bàbà bò, tí ó gùn tó mítà kan àti díẹ̀, máa ń wọ inú ẹrẹ̀ oníyọ̀ wẹ́rẹ́, ẹrẹ̀ náà sì ń gbé iná dáadáa, nígbà tí oníṣẹ́ ní ilẹ̀ àpáta lè ri irin mẹ́ta kí ó tó rí ohun kan náà. Àmọ́ iyọ̀ tí ó mú kí ó rọrùn ni yóò jẹ irin náà, pàápàá ojú tí wáyà ti pàdé rẹ̀, tí ìṣó àti nọ́ọ̀tì rẹ̀ yóò fi di ìpẹtà. Bí ìgbì bá sì ti wọ́ iyanrìn kúrò ní ìdí òpó, irin náà lè ku kí ó kàn máa fì. Ó yẹ kí onílé máa wò ó ní gbogbo ìgbà tí omi bá fà, kí ó sì pe oníṣẹ́ láti pààrọ̀ ìdè rẹ̀ nígbà tí ó bá ti pọ́n. Iṣẹ́ ojú ni èyí, ọwọ́ onílé ká a.

Páànù ni ewu tí ó farasin jù. Nínú ilé pákó, wọ́n sábà máa ń fa wáyà gba abẹ́ òrùlé, níbi tí ìṣó òrùlé ti lè gún un, tàbí tí etí páànù, tí ìjì ń mì lálaalẹ́, ti lè máa ha ara rẹ̀ títí bàbà yóò fi yọjú. Nígbà náà, gbogbo òrùlé ti di ojú wáyà kan. Ọ̀pọ̀ ilé ní etíkun ni ó sì ń gbẹ́kẹ̀lé omi òjò fún mímu, nítorí pé omi ìsàlẹ̀ jẹ́ oníyọ̀: ojú ọ̀nà tí páànù ń gbà da omi sínú àgbá ni obìnrin ilé ń dúró sí lórí pákó tútù, tí ó fi ọwọ́ kan gbé kèrègbè, tí ó sì fi ọwọ́ kejì di etí páànù mú kí ó má baà ṣubú. Kò sí ibi tí ó lè burú ju ìyẹn lọ. Kí wáyà wà nínú páìpù oníke láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí páìpù náà má ṣe fara kan páànù, kí wọ́n sì so páànù fúnra rẹ̀ mọ́ wáyà ilẹ̀.

Ojú ìsopọ̀ wáyà ni ó tẹ̀ lé e. Bí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ṣe ń ṣe é ni pé yóò fi eyín tàbí ọ̀bẹ bó wáyà méjì, yóò lọ́ wọn pọ̀, yóò sì fi téèpù wé e, nígbà mìíràn kí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rá lásán. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ní afẹ́fẹ́ òkun, gọ́ọ̀mù téèpù yóò ti yọ́, bàbà yóò sì ti hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé, ìpẹtà yìí sì ń dènà iná. Bí ìdènà náà bá tó óòmù kan péré, tí ámpíà 10 sì ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí áyọ́ọ̀nù àti fìríìsà, ooru wáàtì 100 ni yóò máa jáde láti inú ohun tí kò tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ, èyí tí ó dọ́gba pẹ̀lú ooru gílóòbù wáàtì 100 àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ kàn, tí wọ́n sì wá fi í pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pákó. Pákó yóò kọ́kọ́ dúdú, yóò sì máa dúdú sí i fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Iná tí yóò sọ ní òru ọjọ́ kan yóò sì gba ilé dé ilé, nítorí pé afárá pákó ni ó so wọ́n pọ̀. Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ òkun ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ìdí nìyí tí wáyà inú ọkọ̀ fi jẹ́ bàbà tí wọ́n fi tánńganran bò. Wáyà bẹ́ẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n bí owó rẹ̀ kò bá sí, kí ojú ìsopọ̀ kéré, kí ó wà nínú àpótí oníke tí omi kò lè wọ̀, kí wọ́n fi ìdè onísukúrúù dè é, kí ó má sì ṣe wà lábẹ́ ilé láé. Ẹni tí ó bá rí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ ti di rẹ́súrẹ́sú, tàbí tí ó gbóòórùn ọ̀rá tí ń jó, ti rí ìkìlọ̀ tí ó yẹ.

Àwọn kan ń ra iná lọ́wọ́ aládùúgbò tí ó ní jẹnẹrétọ̀ ńlá, tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ afárá wá. Nínú wáyà tí fífẹ̀ bàbà rẹ̀ jẹ́ 1 mm², bí ámpíà 10 bá rin mítà 50, nǹkan bí fólítì 22 yóò ti ṣòfò lójú ọ̀nà, èyí tí yóò mú kí mọ́tò fìríìsà máa gbóná kí ó tó lè yí. Èyí tí ó burú ju ìyẹn lọ ni pé bí ojú wáyà méjèèjì bá kanra ní òpin rẹ̀, gígùn rẹ̀ lè dí ìṣàn náà lọ́wọ́ débi pé bírékà yóò pẹ́ kí ó tó já.

Sólà ti wá mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ewu ti dópin. Lóòótọ́, bátìrì fólítì 12 kì í gbé ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ń jó ilé. Láti rí wáàtì 600 láti inú fólítì 12, ámpíà 50 ni yóò ṣàn, èyí tí wáyà tí wọ́n ń lò fún sọ́kẹ́ẹ̀tì kò lè gbà. Bí irin bá sì ṣubú lé ojú méjèèjì bátìrì, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ámpíà ni yóò jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Iná láti inú jẹnẹrétọ̀ máa ń dákẹ́ ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan bí ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀, ìdákẹ́ yìí ni ó sì ń ran bírékà lọ́wọ́ láti pa ìtàńṣán rẹ̀. Iná sólà kì í dákẹ́, nítorí náà bírékà tí wọ́n ṣe fún iná ilé lè máa jó nígbà tí ó yẹ kí ó já. Fíúùsì gbọ́dọ̀ wà nítòsí bátìrì gan-an, bírékà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n kọ DC sí.

Nípa àwọ̀ wáyà, ìdàrúdàpọ̀ pọ̀. Ní ètò àtijọ́ tí Nàìjíríà jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pupa ni láìfù, dúdú ni níútírà. Ní ti ìsinsìnyí, buráùn ni láìfù, búlúù ni níútírà, tí àwọ̀ ewé òun òféèfèé sì jẹ́ ti ilẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, dúdú gan-an ni ó ń gbé iná. Ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀lé àwọ̀ láìfi tẹ́sítà wò ó lè fi ẹ̀mí rẹ̀ san án.

Ohun méjì mìíràn kò gba àríyànjiyàn. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní gáàsì kan tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tí ń pa àwọn tí ó sùn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sí abẹ́ ilé orí òpó, nítorí pé àlàfo àárín pákó ni èéfín yóò gbà wọlé. Èkejì ni pé bí iná bá gbé ènìyàn, wọ́n ti kọ́ gbogbo ayé pé igi gbígbẹ ni kí wọ́n fi tì í kúrò. Ṣùgbọ́n ní Ìlàjẹ, àjẹ̀ ni igi tí ó sún mọ́ ọwọ́ jù, àjẹ̀ tí ó ti inú omi iyọ̀ jáde sì lè gbé iná dé ọwọ́ ẹni tí ó di í mú. Kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ ná. Ó yẹ kí ọmọdé inú ilé mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2005, òfin kan tí wọ́n ń pè ní Part P ti pín iṣẹ́ yìí sí méjì: onílé lè pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì àti súwíìsì fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ fa ojú ọ̀nà iná tuntun tàbí pààrọ̀ àpótí bírékà, aláṣẹ gbọ́dọ̀ mọ̀, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ìpín yìí bá ọgbọ́n mu, ó sì lè bá Ìlàjẹ mu. Onílé lè kan páìpù mọ́ ògiri, ó lè fa wáyà tí kò ní iná lára gba inú rẹ̀, ó lè gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì ga kúrò níbi tí ìgbì lè dé, ó lè tẹ bọ́tìnì ìdánwò RCD lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ṣùgbọ́n àpótí bírékà, wáyà ilẹ̀, ìsopọ̀ níútírà, àti súwíìsì ìyípadà tí kì í jẹ́ kí iná jẹnẹrétọ̀ àti iná ìjọba pàdé, iṣẹ́ ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ìwọ̀n lọ́wọ́ ni. Àjọ NEMSA, tí òfin ọdún 2015 gbé kalẹ̀, ni ó ń dán oníṣẹ́ iná wò tí ó sì ń fún wọn ní ìwé àṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni láti ọdún 2024 ni àbójútó ọjà iná mànàmáná ti bọ́ sọ́wọ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó fúnra rẹ̀. Òfin tó; ẹni tí yóò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ yẹ ilé orí òpó wò ni kò tó.

Nítorí náà, ó yẹ kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní etíkun, láti Àràrọ̀mí dé Àwóyè, dá owó jọ gẹ́gẹ́ bí Ayétòrò ti ṣe nígbà kan rí, kí wọ́n rán ọ̀dọ́ méjì, ọkùnrin tàbí obìnrin, lọ kọ́ṣẹ́ kí wọ́n sì gba ìwé àṣẹ NEMSA, kí wọ́n ra ẹ̀rọ ìwọ̀n kan fún wọn, kí àwọn méjèèjì sì máa wọ ilé dé ilé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì kọ ìlànà wáyà tí ó dá lórí ilé orí òpó ní èdè tí onílé lè kà, kí wọ́n sì sọ RCD di dandan nínú rẹ̀.